Ọdún Tí Àwọn Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì Padà Sẹ́nu Iṣẹ́ ní Ilé Fíìmù

Ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ ni. Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí á rántí ìgbà náà, nítorí kò tíì pẹ́. Wọ́n ti ń da ọ̀dà sí àwọn ọ̀nà Kútọnù tí a máa ń ká ṣòkòtò sókè kí a tó lè là kọjá nígbà òjò, gbogbo yín sì ti ní fóònù tó ń ya fíìmù lápò. Ìgbà yẹn gan-an, tí fíìmù yíyà ti di ohun tí ọmọ ilé ìwé ń fi ṣeré, ni wọ́n fẹ́ kó gbogbo fíìmù tí a yà nílùú yìí láyé àtijọ́ dà sí ààtàn.

Saká ni orúkọ mi, ọmọ Pobè. Ẹ̀rọ amúlétutù ni mo ń tún ṣe, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa oníṣẹ́ ọwọ́ ní àdúgbò Pọ́ọ̀tù, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí. Mo ti rí ìjà òṣìṣẹ́ lóríṣiríṣi. Mo ti jókòó sójú títì nínú oòrùn, mo ti pariwo títí ohùn mi fi há, mo ti sá fún tajútajú títí bàtà mi ẹsẹ̀ kan fi bọ́ tí n kò padà lọ mú un. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí pé èwo ló dùn jù, èyí tí mo fẹ́ sọ yìí ni. Òun nìkan ni mo jà tí ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Ẹ̀yìn Pọ́ọ̀tù, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù máa ń tò sí de ìwé àṣẹ, ni ilé fíìmù ìjọba wà. Apá méjì ni ilé náà ní. Èkíní ni gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ti ń ya fíìmù, tí wọ́n fi òwú àti àpò ìdọ̀họ bo ògiri rẹ̀ nínú kí ohùn má baà dún padà. Èkejì ni yàrá òtútù tí wọ́n ń kó àwọn fíìmù sí nínú agolo pẹlẹbẹ, lórí pẹpẹ irin, láti ilẹ̀ dé àjà. Kò sẹ́ni tó ń ya nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ láti ọdún pípẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ amúlétutù yàrá náà ṣì ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo sì ń tọ́jú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí òtútù fi ṣe pàtàkì, nítorí mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí ju oúnjẹ lọ. Fíìmù àtijọ́ fẹ́ ibi tútù, ó sì fẹ́ ibi gbígbẹ. Bí ooru àti ọ̀rinrin bá bá a nínú agolo rẹ̀, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Á máa rùn bí ọtí kíkan tí wọ́n ń bù sí ewébẹ̀ tútù. Lẹ́yìn náà á súnkì, á ká kò bí awọ tí wọ́n sá sóòrùn. Èyí tó burú jù ni pé òórùn kíkan tó ń jáde lára ọ̀kan ló ń ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Agolo kan péré lè ba odidi pẹpẹ jẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń wí yìí, mo ṣílẹ̀kùn yàrá náà, ooru ló pàdé mi. Òórùn ọtí kíkan sì tẹ̀ lé e. Mo sáré padà bá ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

"Ta ló pa iná yàrá yẹn?"

"Ọ̀gá tuntun ni, Dìrẹ́tọ̀. Wọ́n ní a kò nílò rẹ̀ mọ́."

"Fíìmù inú rẹ̀ ńkọ́?"

"Ọkọ̀ ààtàn ń bọ̀ wá kó wọn ní ìparí oṣù. Ibí máa di ibùdó ọkọ̀ akẹ́rù." Ó wo ojú mi, ó rí i pé inú mi kò dùn, ó wá fi Fofó pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n níbí, kó lè tù mí nínú. "Fofó Saká, ṣé kí n mú agolo kan fún yín? Ìyàwó mi ń fi tirẹ̀ yan ẹ̀pà. Kì í jóná o."

Mo gun sémíjàn, bí a ṣe ń pe ọlọ́kadà níbí, ó di Godomey, lọ́dọ̀ Bàbá Lásísì.

Bàbá Lásísì ló ya èyí tó pọ̀ jù lára àwọn fíìmù tó wà nínú yàrá yẹn. Ọmọ Ṣakété ni. Ọ̀dọ̀ ayàwòrán kan tó ń ya fọ́tò ìwé ìrìnnà ní Àjàṣẹ́ ló ti kọ́ṣẹ́, kí wọ́n tó rán an lọ sókè òkun láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán tó ń rìn. Nígbà tí ìjọba àwọn ológun kọ́ ilé fíìmù, òun ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn tó ń di kámẹ́rà mú. Kò sí ohun tí kò yà: ìkórè àgbàdo, abẹ́rẹ́ àjẹsára, bọ́ọ̀lù, ìsìnkú àwọn èèyàn ńlá, ọkọ̀ ojú omi tó kọ́kọ́ gúnlẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ Pọ́ọ̀tù lójú sí i. Ó ya fíìmù gígùn kan pẹ̀lú nínú gbọ̀ngàn yẹn, ìtàn apẹja kan tó fẹ́ padà sílé. Gbogbo òkun àti ojú ọ̀run inú rẹ̀, àwọn káfíńtà ló fi páálí àti ọ̀dà ṣe é.

Ọgbọ́n rẹ̀ wà nínú iná. Àwọn iná ńláńlá tí ìjọba rà kò tó, ó sì máa ń jó ojú àwọn òṣèré. Bàbá Lásísì a wá gba iná náà lára páànù tí wọ́n fi òòlù lù títí tó fi rí bí ojú omi, a tún fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, kó tó bà lé èèyàn. Kí wọ́n tó yà ọ́, á fi ìka kan ṣoṣo fa òrí sí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ àti sí etí imú rẹ, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó ní ara dúdú kì í kọ ìmọ́lẹ̀, ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ máa gbà wọlé ló ń fẹ́.

Gbogbo èyí ni mo ń bi í léèrè nígbà tí mo bá wá wo ẹ̀rọ yàrá náà, tí òun náà wá wo àwọn fíìmù rẹ̀. Mo ra kámẹ́rà àtijọ́ kan tó ti kú ní ọjà àlòkù, mo tú u sórí tábìlì ìyá àwọn ọmọ mi, mo sì rí èékánná irin kékeré tó ń fa fíìmù sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlélógún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Oúnjẹ kò ráàyè lórí tábìlì náà fún ìgbà díẹ̀. Ìyàwó mi ṣì ń sọ ọ́.

Nǹkan kan wà tó jẹ́ àṣà Bàbá Lásísì nìkan. Ní ayé ìgbà yẹn, a kò ní ilé ìfọfíìmù níbí. Òkè òkun ni wọ́n ń kó fíìmù lọ fọ̀, àwọn tó ń fọ̀ ọ́ níbẹ̀ kò sì mọ̀ bí àwọ̀ wa ṣe rí. Ojú funfun ni wọ́n fi ń díwọ̀n. Fíìmù á dé, ojú àwọn èèyàn wa á dúdú bí èédú, eyín nìkan lẹ máa rí. Bàbá Lásísì ṣàròyé, ẹnu rẹ̀ bó. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe báyìí: kó tó ya ohunkóhun sórí ìdì fíìmù kan, á kọ́kọ́ pe èèyàn kan tó bá wà nítòsí, á gbé aṣọ pélébé kan lé e lọ́wọ́ kó gbé e sí abẹ́ àgbọ̀n. Aṣọ náà ní àwọ̀ mẹ́ta, funfun, àwọ̀ eérú, dúdú. Á ya onítọ̀hún fún bí ìgbà tí èèyàn fi ń kí ara wọn láàárọ̀, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn tó ń fọ fíìmù á fi ojú yẹn díwọ̀n gbogbo ìyókù. Ojú ìwọ̀n ni wọ́n ń pè é. Kì í sì í lo ẹnì kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Ṣé ojú kan ṣoṣo ló wà ní Kútọnù ni?"

Nígbà tí mo dé Godomey lọ́jọ́ náà, mo ròyìn fún un. Ó fọwọ́ nu ojú awò rẹ̀, ó ní kí n lọ pe àwọn yòókù wá.

Àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ilé fíìmù péjọ sí àgbàlá rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹ ó mọ méjì nínú wọn dáadáa. Èkíní ni Dàdá Filoméènì (Dàdá ni à ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin níbí), obìnrin Àgùdà tó ń gé fíìmù, tó ń so ó pọ̀. Ẹnu rẹ̀ mú ju sísọ́ọ̀sì tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ. Èkejì ni Dósù, káfíńtà tó kan òkun onípáálí yẹn, tí orí rẹ̀ ti pá báyìí tó ń dán. Èmi jókòó gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ẹgbẹ́, mo ní ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ẹgbẹ́ máa ń ṣe.

"Ìyanṣẹ́lódì," ni Dàdá Filoméènì wí, ó fọwọ́ lu itan. "Ká dáṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá."

Dósù wò ó. "Iṣẹ́ wo?"

"Iṣẹ́ wa."

"Filoméènì, ìgbà tí o ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, ọmọ mi àgbà kò tíì gbọ́njú. Ó ti gbéyàwó báyìí. Bí o bá dáṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la, ta ló máa mọ̀? Ọlọ́run nìkan ni wàá lọ fi tó létí."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Àwa tí à ń jà lẹ́nu iṣẹ́, agbára kan ṣoṣo tí a ní ni pé a lè gbé ọwọ́ wa kúrò. Ẹni tó ti gbé ọwọ́ kúrò láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kí ló kù tó fẹ́ gbé kúrò? Bàbá Lásísì ló rí ìdáhùn.

"Ẹni tí kò níṣẹ́ mọ́ kò lè fi í sílẹ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n ó lè padà sẹ́nu rẹ̀."

Ẹ̀yin ọmọ, mo ti kàwé nípa ìyanṣẹ́lódì, mo sì ti ṣe é. N kò gbọ́ irú èyí rí. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó dé, àwọn àgbàlagbà yìí to sí ẹnu ọ̀nà ilé fíìmù nínú aṣọ iṣẹ́ wọn àtijọ́. Àwọn kan kò lè de bọ́tìnnì ikùn mọ́. Dósù gbé àpótí irinṣẹ́ dání. Dàdá Filoméènì wọ ìbọ̀wọ́ òwú funfun rẹ̀, èyí tí àwọn agéfíìmù ń wọ̀ kí òógùn má baà ba àwòrán jẹ́.

Ẹ̀ṣọ́ yọjú. "Ẹ káàárọ̀ o. Ibo lẹ̀ ń lọ?"

"Ibi iṣẹ́," ni Bàbá Lásísì dáhùn.

"Ẹ̀yin? Ṣebí ẹ ti fẹ̀yìn tì!"

"A fẹ̀yìn tì lóòótọ́," ni Dàdá Filoméènì wí. "Ẹ̀yìn ti ń dùn wá, a dìde."

Ẹ̀ṣọ́ náà rẹ́rìn-ín, ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín ni wọ́n ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé.

Nígbà tí Dìrẹ́tọ̀ dé, wọ́n ti gbá gbogbo gbọ̀ngàn. Dósù ń kan ilẹ̀kùn tó ti yẹ̀. Ẹni tó ń ṣe awakọ̀ nígbà kan ń fi aṣọ nu mọ́tò kan tí kò ní táyà. Dìrẹ́tọ̀ yìí kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ ìwà hù ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e síbẹ̀, wọ́n sì ní kó sọ ibi tí kò wúlò di ibi tó wúlò. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Lásísì.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde. Ẹ kò ní àṣẹ láti wà níbí."

"Ọmọ mi, ó dára. Pe ọlọ́pàá."

"Kí ni mo fẹ́ sọ fún ọlọ́pàá? Pé àwọn arúgbó wá gbálẹ̀ fún mi?"

"Sọ fún wọn pé a tètè dé," ni Dàdá Filoméènì wí.

Báyìí la ṣe wọ inú ìjà náà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dé, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jókòó ti àwọn agolo, wọ́n ń ṣí wọn, wọ́n ń gbóòórùn wọn, wọ́n ń ya èyí tó ti kan sọ́tọ̀ kí ó má baà ran èyí tó ṣì dára. Ṣùgbọ́n iná kò padà. Wọ́n ti yọ okùn iná yàrá náà láti ìdí, n kò sì láṣẹ láti so ó. Ooru ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ìparí oṣù ń sún mọ́lé, ojú Bàbá Lásísì sì ń jìn sínú. Bí ó bá ṣí agolo kan tí òórùn yẹn sì jáde, á dé e padà wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń da aṣọ bo òkú.

Mo tún lọ bá Dìrẹ́tọ̀. Ó fi ọwọ́ tọ́ka síta, síbi tí àwọn awakọ̀ akẹ́rù, àwọn sémíjàn, àti àwọn alápatà ẹja wà. Ó ní, "Fofó Saká, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹ fi ẹnì kan ṣoṣo hàn mí níta yẹn tó fẹ́ wo fíìmù wọ̀nyí, màá gbọ́ràn."

Mo ròyìn fún Bàbá Lásísì. Ó ní kí a gbé fíìmù lọ bá wọn níta nígbà náà.

Ògiri ẹ̀yìn gbọ̀ngàn dojú kọ ibi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń tò sí. A fi ẹfun kùn ún. Ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ yá wa ní ẹ̀rọ amúnáwá, nítorí òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ: ẹnikẹ́ni tó bá ń bá ọ̀gá jà ní Pọ́ọ̀tù, ìbátan àwọn awakọ̀ ni. Èmi tún ẹ̀rọ sinimá ṣe fúnra mi. Ìgbànú rẹ̀ ti já, mo fi ti ẹ̀rọ ìránṣọ rọ́pò rẹ̀, ó sì gbà á bí ẹni pé wọ́n bí wọn pọ̀. Fíìmù tí a yàn ni ti Pọ́ọ̀tù, ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú omi àkọ́kọ́ gúnlẹ̀. A rò pé àwọn ará Pọ́ọ̀tù á fẹ́ rí Pọ́ọ̀tù.

Dàdá Filoméènì ló lọ mú agolo náà wá. Àwọn agéfíìmù àtijọ́ kì í ka ohun tí wọ́n kọ sára agolo. Wọ́n á gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á mì í díẹ̀, ìwúwo rẹ̀ á sọ fún wọn fíìmù tó wà nínú rẹ̀. Ó gbé ọ̀kan, ó mì í, ó ní, "Pọ́ọ̀tù nìyí. Ọwọ́ mi kì í parọ́."

Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀. Àwọn èèyàn jókòó sórí táyà, sórí àpò, sórí bọ́ńẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Mo tan ẹ̀rọ. Mò ń dúró de ọkọ̀ ojú omi.

Obìnrin kan ló yọ. Ó gbé aṣọ aláwọ̀ mẹ́ta sí abẹ́ àgbọ̀n, ó ń wò wá, ó ń gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín. Ó lọ. Sójà kan dé, fìlà rẹ̀ wọ́, òun náà ń wò wá. Lẹ́yìn rẹ̀, bàbá kan tó wọ agbádá, tó di aṣọ náà mú bí ẹni di ìwé ìdájọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ìyá kan tó gbé ọmọ, ọmọ náà sì ń fa àwọ̀ eérú yẹn sẹ́nu. Kò sí ohùn. Ojú nìkan.

"Yéè!" Dàdá Filoméènì di orí mú. "Gbogbo ìgékù ni mo mú wá!"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà iṣẹ́, tó bá ti gé ojú ìwọ̀n kúrò lórí fíìmù kọ̀ọ̀kan, kì í lè dà á nù. Ó ní èèyàn kì í da ojú èèyàn sínú garawa. Ó ń so wọ́n pọ̀ sínú agolo kan, díẹ̀díẹ̀, títí tí ìwúwo rẹ̀ fi bá ti Pọ́ọ̀tù dọ́gba. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ìwúwo, ìwúwo ló di ìbejì. Agéfíìmù nìkan ló lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń ka ara agolo ni, á ti kà á.

Mo na ọwọ́ kí n pa ẹ̀rọ. Bàbá Lásísì di ọwọ́ mi mú.

"Má pa á."

Àwọn èèyàn ti ń pariwo. "Irú sinimá wo nìyí? Àwa ló ń wò wọ́n ni àbí àwọn ló ń wò wá?" Ẹlòmíràn ní, "Ẹ sọ fún èyí kó bọ́ aṣọ kúrò lẹ́nu, kó sọ̀rọ̀!" Ẹ̀rín ń sọ. Ìgbà yẹn ni awakọ̀ kan, ọkùnrin gìrìwò tó ń gbé sìmẹ́ńtì lọ sókè Sahẹ́ẹ̀lì, fò sọ̀kalẹ̀ lórí bọ́ńẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ dákẹ́! Ẹ dákẹ́ ná! Bàbá mi nìyẹn!"

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó gbé ìṣà omi sórí, tó fi ọwọ́ kan di ìṣà mú, tó fi èkejì di aṣọ mú. Wọ́n ní òun ló ń pọnmi fún ilé fíìmù nígbà náà. Awakọ̀ náà rìn lọ sídìí ògiri, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, àwòrán bàbá rẹ̀ sì bà lé e lẹ́yìn ọwọ́. "N kò rí i rí láìwú," ó ní. "Àìsàn ti mú ara rẹ̀ wú kí n tó gbọ́njú."

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó tún fi wá ṣẹ̀sín. Wọ́n ń pe orúkọ. Alápatà ẹja kan rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹnì kan rí olùkọ́ rẹ̀ tó máa ń nà án, ó sì kí i. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan yọ tí irun rẹ̀ pọ̀ bí igbó Pobè, Dàdá Filoméènì yí orí wo káfíńtà.

"Dósù, ṣé orí rẹ nìyẹn?"

"Òun ni," ni Dósù wí. Ó ń fọwọ́ pa orí. "Mo sọ fún yín pé mo ní irun rí, ẹ ní irọ́ ni."

Wọ́n ní ká tún un gbé, a tún un gbé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n kó ìyàwó àti ọmọ wá. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn èèyàn ti ń wọkọ̀ bọ̀ láti Sèmè àti Àjàṣẹ́, wọ́n ń wá ojú àwọn tiwọn. Dìrẹ́tọ̀ dúró lẹ́nu fèrèsé rẹ̀, ó ń wò.

Nígbà tó di àárọ̀ tí ọkọ̀ ààtàn máa dé, èmi ti ń múra sílẹ̀ fún ìjà gẹ́gẹ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Mo ní ká tò táyà sójú ọ̀nà. Bàbá Lásísì kọ̀. Ó ní kí Dàdá Filoméènì fa aṣọ ya. Wọ́n ya funfun, wọ́n ya aláwọ̀ eérú, wọ́n ya dúdú, wọ́n rán wọn pọ̀, wọ́n sì pín wọn. Nígbà tí ọkọ̀ náà yọ, ó bá odindi ìlà èèyàn níwájú géètì, láti ibẹ̀ dé ìgun Pọ́ọ̀tù: awakọ̀, alápatà ẹja, sémíjàn, àwọn ìyá tó gbọ́mọ pọ̀n. Kálukú gbé aṣọ sí abẹ́ àgbọ̀n, wọ́n ń wo awakọ̀ ọkọ̀ ààtàn. Kò sẹ́ni tó kọrin, kò sẹ́ni tó bú u. Wọ́n kàn ń wò ó.

Ọkùnrin náà pa mọ́tò. Ó sọ̀kalẹ̀. Ó rìn títí dé iwájú Dàdá Filoméènì.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"À ń dúró kí wọ́n yà wá."

Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì. "Ṣé aṣọ kan kù?"

Ó gba aṣọ, ó dúró sínú ìlà. Ariwo ayọ̀ tó sọ, mo gbà pé wọ́n gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ ojú omi.

Lọ́sẹ̀ yẹn, obìnrin kan wá láti ilé iṣẹ́ mínísítà, òun àti Dìrẹ́tọ̀ jọ wọ gbọ̀ngàn. Ọ̀rọ̀ tó mú wá ṣe kedere. Wọ́n á dá iná yàrá òtútù padà, wọ́n á gba ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ títí ayé, kò sẹ́ni tí yóò fọwọ́ kan agolo kankan. Ṣùgbọ́n wọ́n á wó gbọ̀ngàn, ọ̀nà ọkọ̀ akẹ́rù á gba ibẹ̀ kọjá. Ó ní kí a jíròrò, kí a dìbò.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu wa. Dósù dìde. "Inú gbọ̀ngàn yìí ni mo ti kan òkun. N kò ní na ọwọ́ kí wọ́n wó o." Dàdá Filoméènì ní òun náà kò ní nà án. Àwọn kan ní bí ìjà ṣe ń dùn yìí, ká jà á títí a ó fi gba méjèèjì. Èmi gan-an wà lára wọn. Àwọn èèyàn wà lẹ́yìn wa, kí ló dé tí a fẹ́ gba ìdajì?

Bàbá Lásísì wo òkè, síbi tí irin tó máa ń so iná rẹ̀ kọ́ ṣì wà.

"Bí a bá jà fún méjèèjì," ó ní, "oṣù mélòó ni? Èmi lè dúró. Fíìmù kò lè dúró. Ooru kò mọ̀ pé à ń dìbò."

"Ṣùgbọ́n Bàbá," ni Dósù wí, "gbogbo ayé yín wà níbí."

"Ibí ni mo ti yà á. Ibí kọ́ ni mo yà."

Ó na ọwọ́ rẹ̀ sókè. Dàdá Filoméènì bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó na tirẹ̀. Dósù ló kẹ́yìn. Ó kọ́kọ́ fi òòlù rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó nà án.

Ohun tí a jèrè nìyẹn: yàrá kan, òtútù inú rẹ̀, àti àwọn ojú yẹn. Ohun tí a pàdánù kì í ṣe kékeré. Wọ́n wó gbọ̀ngàn, mo sì wò ó bí ó ti ń wó. Fíìmù gígùn ti apẹja yẹn, tí ojú ọ̀run rẹ̀ jẹ́ páálí, ti kan kọjá àtúnṣe kí iná tó padà. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tó wà nílé nìyẹn.

Ṣùgbọ́n fíìmù ní ìyá, ó ní ọmọ. Ẹ̀dà tó jẹrà yẹn, ọmọ ni. Ìyá rẹ̀, èyí tó kọ́kọ́ wà nínú kámẹ́rà, kò padà wálé láti ilé ìfọfíìmù òkè òkun. Bóyá ó ṣì wà lórí pẹpẹ wọn, bóyá wọ́n ti dà á nù, a kò mọ̀. A ti béèrè, ohùn wa kò dé ọ̀hún. Gbèsè tí ìjà wa kò san nìyẹn, ẹ̀yin ló kàn. Ẹ gbọ́ èdè wọn jù wá lọ, ẹ mọ ọ̀nà tí wọ́n fi ń kan ilẹ̀kùn lóde òní. Ẹ béèrè ìyá fíìmù wa títí wọ́n á fi dáhùn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ kò lè jà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí yàrá náà padà, mo ti ṣe ẹ̀rọ méjì síbẹ̀, kí èkejì lè gba iṣẹ́ bí èkíní bá kọṣẹ́. Àwọn èèyàn ńlá wá. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà kí àwọn oníròyìn lè rí wọn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa àṣà, nípa ogún àwọn baba wa, nípa bí ìjọba ṣe fẹ́ràn fíìmù láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀rọ̀ náà gùn. Bàbá Lásísì wà nínú yàrá, ó wọ súwẹ́tà, ó jókòó sáàárín àwọn agolo rẹ̀. Ó fara dà á títí. Nígbà tó yá, ó pariwo láti ẹ̀yìn pẹpẹ:

"Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú ọ̀rọ̀ o! Ẹ wọlé tàbí kí ẹ jáde, kí ẹ sì tilẹ̀kùn. Òtútù ń lọ!"

Wọ́n tilẹ̀kùn.